Ìlú Ọba Láìsí Ọba: Iṣẹ́ Òòjọ́ Ilé Aṣòfin Westminster

Kí wọ́n tó bẹ́ orí Ọba Charles Kìíní ní ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, ọdún 1649, àwòrán ọba ló máa ń wà lára èdìdì ńlá tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń lu ìwé àṣẹ. Ọba lórí ìtẹ́ ní ojú kan, ọba lórí ẹṣin ní ojú kejì. Ní oṣù Kìíní yẹn kan náà, wọ́n ní kí Thomas Simon, ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ irin fífín, ṣe èdìdì tuntun. Ó fín àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland sí ojú kan. Ní ojú kejì, níbi tí ọba ìbá jókòó sí, ìpàdé ló fín síbẹ̀: àwọn ọkùnrin lórí bẹ́ǹṣì lọ́tùn-ún lósì, Abẹnugan lórí àga rẹ̀, akọ̀wé nídìí tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe ìjọba, kó wo àwọn tó ń ṣèpàdé.

Bí ìpàdé yẹn ṣe ń lọ lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn òpìtàn fẹ́ràn ìtàn ogun, ikú ọba àti Oliver Cromwell, mi ò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn tó gé orí ọba wọ̀nyí kò gé ìlànà ilé wọn kù rárá. Ọ̀nà tí bàbá bàbá wọn ń gbà ṣèpàdé nígbà tí ọba wà lórí oyè ni àwọn náà ń gbà. Èrò tèmi ni pé inú ìlànà yẹn gan-an ni àṣẹ wọn wà, nítorí pé yàtọ̀ sí ọmọ ogun, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè nawọ́ sí pé ohun tó mú wọn di ìjọba nìyí.

Àṣẹ ọ̀hún sì ní àbùkù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 1648, Ọ̀gágun Thomas Pride kó àwọn ọmọ ogun wá sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin, ó mú ìwé orúkọ lọ́wọ́, ó dá ọ̀pọ̀ aṣòfin padà, ó sì ní kí wọ́n lọ ti àwọn mìíràn mọ́lé. Àwọn tó ṣẹ́kù ni àwọn ẹlẹ́yà wá sọ ní Rump, ìdí ẹran tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ẹran tán. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kìíní, ọdún 1649, ìdí ẹran yìí pinnu pé lẹ́yìn Ọlọ́run, ọwọ́ àwọn èèyàn ìlú ni àṣẹ ti ń wá, pé àwọn tí ìlú yàn ló di àṣẹ náà mú, àti pé ohunkóhun tí wọ́n bá fọwọ́ sí ti di òfin, yálà ọba àti àwọn ìjòyè fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́. Ní oṣù Kẹta, wọ́n fi òfin pa oyè ọba rẹ́, wọ́n sì pa ilé àwọn ìjòyè náà rẹ́.

Yàrá tí wọ́n ti ń jókòó kì í ṣe ilé tí wọ́n kọ́ fún aṣòfin. Ṣọ́ọ̀ṣì Stephen Mímọ́ ni, èyí tí àwọn ọba àtijọ́ kọ́ sínú ààfin Westminster fún ìsìn tiwọn. Láàárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Bí àwọn akọrin ṣe máa ń jókòó kọjú síra wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn náà ṣe ń jókòó, ibi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀ sì ni wọ́n gbé àga Abẹnugan sí. Yàrá náà há. Bí gbogbo wọn bá wá lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn á dúró.

Aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, àdúrà ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, Abẹnugan á ka orí. Bí wọn kò bá pé 40, kò sí ìpàdé. Ẹ má fojú kékeré wo 40 yìí. Kí Pride tó dé, aṣòfin tó wà nílé náà lé ní 450. Lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ tí èèyàn 50 sí 60 bá jókòó ti di ọjọ́ tó dáa. Nígbà míì, ẹ̀ṣọ́ ilé á gbé ọ̀pá àṣẹ, á gba inú gbọ̀ngàn ńlá Westminster lọ, níbi tí ilé ẹjọ́ wà, tí àwọn tó ń ta ìwé àti aṣọ náà sì pàtẹ sí, á máa ké sí àwọn aṣòfin tó jẹ́ lọ́yà pé kí wọ́n fi ẹjọ́ oníbàárà wọn sílẹ̀, kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ìlú.

William Lenthall ni Abẹnugan. Láti ọdún 1640 ló ti wà lórí àga náà, ìgbà tí ọba ṣì wà láyé. Òun ni Charles bá nínú ilé ní oṣù Kìíní, ọdún 1642, tó bi í pé àwọn aṣòfin márùn-ún tí òun ń wá dà. Lenthall kúnlẹ̀, ó ní òun kò ní ojú tí òun fi ń ríran tàbí ahọ́n tí òun fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àyàfi bí ilé bá ṣe darí òun. Lọ́yà tó fẹ́ràn owó ni, kì í ṣe akọni, ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ yẹn wú mi lórí. Ìlànà ilé ló yá a ní ìgboyà lọ́jọ́ náà.

Òfin ọ̀rọ̀ sísọ ṣe tààrà. Ẹni tó jókòó lè dé fìlà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dìde ní àyè rẹ̀, á ṣí fìlà, Abẹnugan ni á sì kọjú sí, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń jiyàn. Kò gbọdọ̀ dárúkọ aṣòfin mìíràn. "Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn" tàbí "ẹni iyì tó wà lọ́hùn-ún" ni á pè é. Kò gbọdọ̀ bú u. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́. Bí ẹni méjì bá dìde pọ̀, ẹni tí ojú Abẹnugan kọ́kọ́ bà ló máa sọ̀rọ̀. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ máa rìn gba àárín ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti àga. Ó lè dà bí òfin ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ń gbé idà kọ́ ìbàdí. Ẹni tí kò bá lè pe orúkọ rẹ, tí kò sì lè kọjú sí ọ, á ṣòro fún un láti mú inú bí ọ.

Iṣẹ́ òfin ṣíṣe fúnra rẹ̀ lọ́ra. Ìwé àfọwọ́kọ ni àbádòfin, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí náà etí ni ọ̀pọ̀ aṣòfin fi ń gbọ́ ọ. Akọ̀wé á dìde, á kà á sókè ketekete. Abẹnugan náà á wá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ kókó ibẹ̀ ní ṣókí. Kíkà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn kíkà kejì, wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, àwọn aṣòfin á sì máa pariwo orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ kó wà níbẹ̀ bí akọ̀wé ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá padà dé tí àtúnṣe rẹ̀ sì tẹ́ ilé lọ́rùn, wọ́n á fi gègé kọ ọ́ sórí awọ, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà ayé ọba, kò tíì parí. Ó dìgbà tí wọ́n bá kà á níwájú àwọn ìjòyè, tí akọ̀wé ọba sì sọ ní èdè Faransé pé ọba gbà. Ní ọdún 1649, ìbò tó tẹ̀ lé kíkà kẹta ni òpin. Ó ti di òfin kí wọ́n tó jáde lọ jẹun.

Irú òfin wo? Ti oríṣiríṣi. Títa ẹrù ọba tó kú, títí kan àwọn àwòrán olówó iyebíye tó rà jọ. Ikú fún alágbèrè, ní ọdún 1650. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1651, wọ́n ṣe òfin pé ẹrù tó bá ń bọ̀ láti Áfíríkà, Éṣíà tàbí Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí kò ṣe inú ọkọ̀ ojú omi tiwọn, òfin tó bí ogun pẹ̀lú àwọn ará Dutch lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni ti oṣù Kọkànlá, ọdún 1650, tó ní kí ilé ẹjọ́ yéé fi Látìn àti Faransé kọ̀wé, kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí mẹ̀kúnnù gbọ́ ṣe é. Àwọn lọ́yà kùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà wà ní ipò tí èdè tiwa wà lónìí nílé ẹjọ́, ẹ jẹ́ n dákẹ́ síbẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n àrékérekè ti ń wọlé ni ìbéèrè. Abẹnugan kì í kàn sọ pé ká dìbò. Inú àríyànjiyàn ni yóò ti ṣa ọ̀rọ̀ jọ, á sọ ọ́ di ìbéèrè kan tí èèyàn lè dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kọjá, tí kò sì fẹ́ kó hàn pé òun lòdì sí i, á dìde, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ dìbò bóyá ó yẹ kí wọ́n bèèrè ìbéèrè náà nísinsìnyí. Bí èyí tó pọ̀ bá ní kò yẹ, ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé kún fún irú ìbò báyìí. Ẹni tó bá ń kà á láìmọ ìdí rẹ̀ á rò pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ń fàkókò ṣòfò ni.

Ariwo ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dìbò. Abẹnugan á gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, á gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, á sọ èyí tó rò pé ó pọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá jiyàn, ilé á pín: ìhà kan á jáde sí ìta, ìhà kejì á jókòó, ẹni méjì méjì á sì ka orí wọn. Àwọn tó fẹ́ kí nǹkan tuntun ṣẹlẹ̀ ló máa ń jáde. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kùn nínú ilé náà pé èyí kò dọ́gba, nítorí pé yàrá há, ẹni tó bá dìde lè padà bá ẹlòmíràn lórí àyè rẹ̀, àwọn ọ̀lẹ a sì jókòó pa. Irú kíkà orí bẹ́ẹ̀ ló dá ẹ̀mí oníwàásù James Nayler sí ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1656. Ó gun ẹṣin wọ ìlú Bristol bí ìgbà tí Jésù wọ Jerúsálẹ́mù, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń kọrin níwájú. Wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ òdì kàn án. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ àríyànjiyàn, àwọn 82 ní kó kú, àwọn 96 ní kó má kú. Wọ́n nà án ní pàṣán, wọ́n dá ahọ́n rẹ̀ lu pẹ̀lú irin gbígbóná, wọ́n sì fi irin sàmì sí iwájú orí rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ tí ilẹ̀ sì ń ṣú, ìjà àbẹ́là á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kò lè dédé tan àbẹ́là wọlé. Ilé gbọ́dọ̀ pàṣẹ rẹ̀, àṣẹ náà sì gba ìbò. Àwọn tó rí i pé ọ̀rọ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ tiwọn á ní kí àbẹ́là wọlé. Àwọn tó rí i pé ó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn á ní ilẹ̀ ti ṣú, oúnjẹ alẹ́ ti tó. Wọ́n tilẹ̀ máa ń pín, wọ́n á jáde, wọ́n á ka orí nínú òkùnkùn bìrìbìrì, nítorí bóyá kí iná dé tàbí kó má dé. Òfin ńlá ti kú nítorí àbẹ́là rí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ kò bá pẹ́, iṣẹ́ ọ̀sán kò sí nínú yàrá yẹn. Àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó á fọ́n ká sí àwọn yàrá mìíràn ní Westminster, àwọn kan á sì gba Whitehall lọ, níbi tí Ìgbìmọ̀ Ìjọba ti ń pàdé. Èèyàn 41 ni ilé yàn sí ìgbìmọ̀ yìí ní oṣù Kejì, ọdún 1649, aṣòfin sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó ṣòfin láàárọ̀ ni yóò kọ lẹ́tà sí ọ̀gágun lọ́sàn-án, ni yóò bá aṣojú ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, opó jagunjagun á sì tún dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọba, ti ìjòyè àti ti aṣòfin ti bọ́ sórí àwọn kan náà. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi ń falẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun sì fi ń sọ pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn àga ju ìlú lọ.

Ọ̀pá àṣẹ ló kù kí n sọ̀rọ̀ bá. Ní ọdún 1649, Thomas Maundy, alágbẹ̀dẹ fàdákà, ṣe ọ̀pá tuntun tí kò ní adé lórí. Bí Abẹnugan bá wà lórí àga, orí tábìlì ni ọ̀pá wà. Bí gbogbo ilé bá sọ ara rẹ̀ di ìgbìmọ̀ kí ọ̀rọ̀ lè dẹ̀, kí èèyàn lè sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Abẹnugan á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì gbé ọ̀pá sábẹ́ tábìlì. Àwa náà jogún rẹ̀. Ẹni tó bá rí àwọn jàǹdùkú tó já wọ ilé aṣòfin àgbà ní Àbújá ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 2018, tí wọ́n gbé ọ̀pá sá lọ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí tí wọn kò fi gbé nǹkan mìíràn.

Ẹ wá fi gbogbo òfin wọ̀nyí wo ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin, ọdún 1653. Àbádòfin lórí ìdìbò tuntun ni ilé ń yẹ̀ wò. Cromwell, tó jẹ́ aṣòfin àti Ọ̀gágun Àgbà, wọlé nínú aṣọ dúdú lásán àti ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú, ó jókòó ní àyè tó máa ń jókòó sí, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí Abẹnugan bèèrè ìbéèrè, ó dìde, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Títí dé ibẹ̀, ó pa òfin mọ́. Lẹ́yìn náà ló dé fìlà rẹ̀ padà. Ó kúrò ní àyè rẹ̀. Ó ń rìn síwá rìn sẹ́yìn láàárín ilé, ó ń tẹjú mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe eléyìí ní ọ̀mùtí, ó ń pe tọ̀hún ní alágbèrè. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ láti orí fìlà yẹn pé ó ti parí, kí ọmọ ogun kankan tó wọlé. Ó wá ké sí àwọn abìbọn tó ti kó pamọ́ síta. Ọ̀gágun Harrison fa Lenthall lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Wọ́n gbé ọ̀pá lọ. Cromwell já àbádòfin gbà lọ́wọ́ akọ̀wé, ó fi í sábẹ́ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Ìwé yẹn kò fojú hàn mọ́ títí dòní, àwọn òpìtàn ṣì ń jà lórí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọdún mélòó kan tó tẹ̀ lé e kò rójú. Cromwell di Olùdáàbòbò ìlú ní ìparí ọdún 1653, ó pe ilé aṣòfin, ó tú u ká, ó tún pè é. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1658, Richard ọmọ rẹ̀ sì bọ́ sípò rẹ̀. Ilé tí Richard pè ní oṣù Kìíní, ọdún 1659, ló jókòó lọ́jọ́ tí mi ò lè gbójú fò, ìyẹn ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọjọ́ kìíní ọdún tuntun nínú kàlẹ́ńdà tiwọn.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan dé tábìlì lọ́jọ́ náà. Marcellus Rivers àti Oxenbridge Foyle ló kọ ọ́, ní orúkọ ara wọn àti àwọn 70 mìíràn. Wọ́n mú wọn lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ọmọlẹ́yìn ọba ṣe ní Salisbury lọ́dún 1655, wọ́n sì kó wọn láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Exeter wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tì wọ́n mọ́ abẹ́ ọkọ̀ láàárín àwọn ẹṣin, ó di Barbados. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọ́n tà wọ́n ní nǹkan bí ìwọ̀n 1,550 pọ́n-ùn ṣúgà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń lọ ìrèké, wọ́n ń kó iná ìléru, wọ́n ń nà wọ́n ní pàṣán, ọ̀gá kan sì lè tà wọ́n fún ọ̀gá mìíràn.

Chaloner Chute tó jẹ́ Abẹnugan ń ṣàìsàn, Thomas Bampfield ló di àga mú. Bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ilé gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jà lé. Thurloe, akọ̀wé ìjọba, ní ọ̀tá ìlú ló kọ ọ́. Vane ní ẹ má wo ti pé ọmọlẹ́yìn ọba ni wọ́n, òmìnira ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Haselrig ní díẹ̀ ló kù kí òun sunkún. Martin Noell, oníṣòwò tó ń kó èèyàn lọ sí erékùṣù náà, dìde láti gbèjà ara rẹ̀: ó ní iṣẹ́ ibẹ̀ kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Boscawen sì kìlọ̀ pé bí wọ́n bá fojú fo èyí, ẹ̀mí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní níye lórí ju ti àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyẹn lọ.

Ìlànà wọn ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Olúkúlùkù sọ̀rọ̀ ní àyè rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó kọjú sí àga. Ọ̀tá ìlú pàápàá rí ẹni gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lóko ìrèké yẹn kan náà wọ inú ọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí àwíjàre, lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀mí tí kò níye lórí. Kò sẹ́ni tó dìde nítorí wọn. Ti Rivers àti Foyle náà kò sì bí òfin kankan. Kò pé oṣù kan tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun fi fipá mú Richard tú ilé ká.

Ìdí ẹran padà sórí àga ní oṣù Karùn-ún. Ọmọ ogun tún lé wọn ní oṣù Kẹwàá, wọ́n sì tún padà ní ìparí oṣù Kejìlá. Nínú gbogbo rúkèrúdò yìí, ní oṣù Kìíní, ọdún 1660, tí owó ọmọ ogun ti gbẹ, tí Ọ̀gágun Monck sì ń kó àwọn ọmọ ogun bọ̀ láti Scotland, wọ́n ráyè ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ilé padà sí ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin, ọdún 1653. Henry Scobell ni akọ̀wé nígbà náà, ọkùnrin tó mọ ìlànà ilé dé góńgó, tó tilẹ̀ kọ ìwé lórí rẹ̀ lọ́dún 1656. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́jọ́ náà ni Ọ̀gágun Àgbà tú ilé ká. Wọ́n ní irọ́ ni. Ilé kò tú ká rí, wọ́n kàn dí i lọ́wọ́ ni. Wọ́n pe Scobell wá síwájú ilé, wọ́n bi í ẹni tó kọ ọ́. Ó ní ọwọ́ òun ni, pé iṣẹ́ òun ni láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bí ẹni tó wà nípò yẹn ṣáájú òun ṣe máa ń ṣe. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n pa á rẹ́ nínú ìwé, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó láti wò ó bóyá òfin ìdáríjì bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tàbí kò bò ó.